Bí Bàbá Àgbà Ṣe Ń Wọn Owó Ilé

Téèpù tí Bàbá Àgbà fi ń wọn aṣọ kì í kúrò lọ́rùn wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀, nítorí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí láàárọ̀, kí wọ́n tó wá bàtà, wọ́n á ti wá téèpù. Wọ́n fi ń wọn ohun gbogbo. Wọ́n á wọn ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ra àga. Wọ́n á wọn èmi náà ní gbogbo ọjọ́ ìbí mi, wọ́n á ní, "O ti ga sí i ní ìka méjì. Ohùn rẹ ni kò tíì ga."

Òótọ́ ni. Ohùn mi kéré. Bí olùkọ́ bá ní kí n kàwé sókè ní kíláàsì, ọmọ tó jókòó tì mí nìkan ló máa ń gbọ́, òun náà á sì ní kí n tún un sọ.

Bàbá tó bí màmá mi ni Bàbá Àgbà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nítorí ibi tó jìnnà ni màmá mi ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó tẹ̀ síwájú, mo ní láti tọrọ àforíjì. Àgbà ni gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, ó sì yẹ kí n máa pe gbogbo wọn ní "wọ́n". Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kàwé kò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni. Nítorí náà, Bàbá Àgbà nìkan ni màá máa pè bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tó kù jọ̀wọ́ má bínú.

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ilé wa, aṣọ ilé ìwé ni Bàbá Àgbà sì fi kọ́ ọ. Ogójì ọdún ni wọ́n fi rán aṣọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, bí owó bá sì ti wọlé, wọ́n á fi kún ilé. Títí di òní, wọ́n lè nawọ́ sí ibikíbi kí wọ́n sọ ohun tó kọ́ ọ. "Yàrá yìí, ṣòkòtò péńpé ni. Òkè yẹn, síkẹ́ẹ̀tì ni. Àtẹ̀gùn yìí? Bọ́tìnnì ni gbogbo rẹ̀. Bọ́tìnnì làwọn ọmọ máa ń já jù." Èmi àti Bàbá Àgbà wà nísàlẹ̀ níwájú, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ṣì wà lójú fèrèsé tí wọ́n fi aṣọ bò. Yàrá mẹ́rin tó kù, àwọn ayálégbé ló ń gbé ibẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Àgbà ń rán aṣọ, wọn kì í dá iye owó kan fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní ẹni tó bá ní kí aránṣọ gba owó kan náà lọ́wọ́ ẹni tó sanra àti ẹni tó rí bí igi ìgbálẹ̀, onítọ̀hún kò tíì ra aṣọ rí. "Ìka kò dọ́gba," wọ́n á ní. "Ìdí ńkọ́?" Wọ́n ní ìwé gígùn kan tó ní ẹ̀yìn dúdú, ìwé ìwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé náà kò tíì kún. Ìdajì tó kù ni wọ́n wá ń kọ àwọn ayálégbé sí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Onígbàjámọ̀ wá béèrè yàrá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ẹnu rẹ̀ dùn, irun tirẹ̀ sì gún bí ẹni fi rúlà gé e. Bàbá Àgbà ní kó dúró sí àárín pálọ̀. Wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mò ń gẹ irun ni, Bàbá."

"Ṣé o máa ń hanrun lójú oorun?"

"Rárá o, Bàbá! Láéláé!"

"Báwo lo ṣe mọ̀? Ṣé o máa ń jí wá gbọ́ ara rẹ ni?"

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ họ orí. Bàbá Àgbà bá jókòó, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Yàrá kan nílé yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lóṣù. Ohun tí gbogbo àwọn tó kù ń san nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ jọ ojú ọmọlúàbí. Máa san méjìlá. Àṣírí èmi àti ìwọ ni o. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ọjọ́ náà ló di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Onígbàjámọ̀ dúpẹ́, dúpẹ́, ó fẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni pé bó bá kọ̀yìn sí wa, owó náà á yí padà.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé kò sí ẹnì kankan tó ń san mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílé wa. Kò sí ẹni tó san án rí. Tíṣà, tó ń kọ́ni ní ìṣirò, ń san mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì tó wà lókè níwájú ń san mẹ́wàá. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ń dáná búrẹ́dì lẹ́yìnkùlé kí ilẹ̀ tó mọ́, ń san mẹ́fà. Gbogbo wọn ni Bàbá Àgbà sì ti sọ fún níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan náà, pé òun nìkan ni wọ́n yọ fún. Èmi mọ̀ nítorí èmi ni mò ń kọ rìsíìtì. Bàbá Àgbà ní ọwọ́ ìwé mi mọ́, ẹnu mi sì wúwo, wọn kò rí akọ̀wé tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá kọ ọ́ tán, màá fi sínú àpò ìwé, màá lẹ̀ ẹ́, màá tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn olówó rẹ̀.

Nǹkan kan wá ń ṣẹlẹ̀ nílé wa tí mi ò rí níbòmíràn. Àánú ara wọn ń ṣe wọ́n. Nọ́ọ̀sì á ti ibi iṣẹ́ dé, á gbá àtẹ̀gùn tí kì í ṣe tirẹ̀ láti gbá, á wá sọ sí mi létí pé, "Ẹni tó ń san mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò yẹ kó tún máa gbálẹ̀." Tíṣà ló ń ra gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Ìyá Oníbúrẹ́dì á gbé búrẹ́dì gbígbóná kan sẹ́nu ọ̀nà Onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ náà á gbé àpótí síta, á gẹ irun Tíṣà lọ́fẹ̀ẹ́, á máa mi orí, á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sanwó gidi nílé yìí, ẹ ń gbìyànjú." Tíṣà náà á mi orí, á máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọmọkùnrin yìí mà ní sùúrù o, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ orí rẹ̀!

Mo bi Bàbá Àgbà léèrè lẹ́ẹ̀kan. "Bàbá Àgbà, ṣé irọ́ kọ́ ni?"

Wọ́n rò ó díẹ̀. "Ṣé o mọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a máa ń tẹ́ sínú kóòtù? Ẹni tó wọ kóòtù kì í rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò, gbogbo ara ní í yún un."

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ni, tí gbogbo wa ń pè ní Dáódù. Alákòóso ni níbi iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kò yé mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní tábìlì méjì. Ó fẹ́ràn kí nǹkan gún. Nígbà tó wá kí wa ní oṣù méjì sẹ́yìn, ó gbọ́ pé owó ilé kò dọ́gba, ó sì di orí mú.

"Bàbá, ilé kì í ṣe ṣòkòtò!"

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni Bàbá Àgbà dáhùn. "Ṣòkòtò ló kọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ná. Lọ́jọ́ tí ìjà owó ilé bá ṣẹlẹ̀ nílé yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré, èmi ni màá gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kẹ́ ẹ wá sinmi. Ọmọ yìí náà á bá yín wá, a ó wá ilé ìwé mìíràn fún un."

Bàbá Àgbà gbà. Wọ́n rò pé ìjà kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáódù lọ tán, wọ́n ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rántí bí ẹnu ọ̀nà Dáódù ṣe fẹ̀ tó, wọ́n sì mi orí. "Kò lè wọlé níbẹ̀," ni wọ́n wí. Nígbà tó yá wọ́n tún ní, "Ṣé èmi náà á wá di ayálégbé? Ayálégbé ọmọ tí mo bí! Ta ni yóò wọn tèmi?" Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n wọ́n tún wọn ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn àgbà ní ilé tó bá ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì ni ọmọ àlè ilé wa. Ọjọ́ Ajé kan ló dàgbà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó yọ èéfín, ó dákẹ́. Ẹni tó ń tún un ṣe ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta ni yóò gbà.

Bàbá Àgbà ní kò yẹ kí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí tirẹ̀ pọ̀. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní kí kálukú mú ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé rẹ̀ wá. Mo bá wọn ṣírò rẹ̀. Ó pé géérégé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta, kò lé, kò dín. Inú Bàbá Àgbà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. "Ìyẹn ni pé bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn!" Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí pákó, kí n kàn án mọ́ ògiri lẹ́bàá ẹ̀rọ omi.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́, nǹkan kan ń sọ fún mi pé kò dára. Mo rántí Tíṣà. Mo ní, "Bàbá Àgbà..."

"Kí ló dé?"

"Kò sí."

Mo ti ronú púpọ̀ lórí "Kò sí" yẹn láti ìgbà náà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ní kó gba owó náà, nítorí kì í ṣi ṣéńjì fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹnì kan má baà wá sọ lọ́la pé ó fi owó omi ra ìyẹ̀fun, bí kálukú bá ti mú tirẹ̀ wá, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkéde mi, gbàgàdà: òun, 600, Tíṣà, 800, Nọ́ọ̀sì, 1000, Onígbàjámọ̀, 1200. Inú rẹ̀ mọ́ pátápátá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Onígbàjámọ̀ gbé àpótí síta láti gẹ irun Tíṣà. Ẹ̀bá ẹ̀rọ omi náà ló gbé e sí. Orí Tíṣà wà lọ́wọ́ Onígbàjámọ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ògiri, kò sí ibòmíràn tó lè wò. Mo ń fọ àwo nítòsí. Mo rí i nígbà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yí. Lẹ́yìn náà ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bó ṣe máa ń mì bó bá fẹ́ ṣírò nǹkan láìlo pẹ́ńsù.

"Dúró ná," ni Tíṣà wí.

Ó dìde pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi òfo kọ̀ọ̀kan kún ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfo mẹ́rin péré ni. Ilé dàrú.

"Méjìlá?" Onígbàjámọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi nìkan ló ń san méjìlá? Èmi tí mò ń gẹ irun yín lọ́fẹ̀ẹ́ torí àánú yín ń ṣe mí!"

"Àánú mi? Èmi ni àánú ìwọ ń ṣe! Gílóòbù mélòó ni mo ti rà nílé yìí? Ṣé mò ń fi í jẹun ni?"

Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ látòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. "Ẹ jẹ́ kí n rí i. Mẹ́jọ? Tíṣà, mẹ́jọ lẹ̀ ń san, ẹ sì ń wò mí bí mo ṣe ń gbá àtẹ̀gùn yín fọ́dún méjì?"

"Mo rò pé ẹ fẹ́ràn ìgbálẹ̀ ni."

"Ta ló ń fẹ́ràn ìgbálẹ̀?"

Gbogbo wọn wá yíjú sí Ìyá Oníbúrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. "Kí lẹ̀ ń wò mí sí? Ṣé èmi ni mo dá owó ilé ni?"

"Màmá, ẹ̀yin ẹ ò tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀," ni Onígbàjámọ̀ wí. "Mẹ́fà!"

"Mẹ́fà ọ̀hún náà ni mo fi ń gbé búrẹ́dì sẹ́nu ọ̀nà rẹ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kó o dá búrẹ́dì mi padà!"

"Mo ti jẹ ẹ́!"

"Ẹ gbọ́ o, ó ti jẹ ẹ́!"

Onígbàjámọ̀ gbé àpótí rẹ̀, ó já aṣọ funfun kúrò lọ́rùn Tíṣà, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Apá òsì nìkan ló ti gẹ̀. Apá ọ̀tún kún bí igbó.

Tíṣà dé fìlà lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Mo mọ̀, nítorí ilé ìwé kan náà ni wá. Ooru mú, àwọn ọmọ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí fìlà. Nílé, kò sẹ́ni tó gbálẹ̀. Tíṣà ti tú gílóòbù rẹ̀, a ń fi ọwọ́ tá ògiri rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Àgbà jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Àwọn ayálégbé wá bá wọn níkọ̀ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú ìbínú tirẹ̀, ohun kan náà ni Bàbá Àgbà sì ń sọ fún gbogbo wọn: "Mo ti gbọ́." Ṣùgbọ́n Onígbàjámọ̀ kò dúró de ìyẹn. Ó ti fi fóònù pe Dáódù.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, bàtà Dáódù ń dún kò-kò-kò ní àgbàlá kí a tó rí òun fúnra rẹ̀. Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan lọ́wọ́, tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀, àti àgádágodo tuntun kan. Àgádágodo yẹn ni mò ń wò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí mo ṣe máa kó àwọn ìwé mi sínú àpótí.

Ó pe gbogbo wa jọ sí àgbàlá. Bàbá Àgbà jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń ká téèpù mọ́ ìka, wọ́n ń tú u.

"Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yín," ni Dáódù wí, "mo sì gbà pẹ̀lú yín. Kò dára. Ẹni tó ń gbé ilé kan náà, owó kan náà ni kó máa san."

"Ọ̀rọ̀ rèé!" ni Onígbàjámọ̀ kígbe. Nọ́ọ̀sì náà pàtẹ́wọ́.

"Bàbá fúnra wọn sì ti sọ iye tí yàrá kan jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti oṣù tó ń bọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo yín."

Nọ́ọ̀sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ìjà tó ti wà láàárín wọn láti Ọjọ́bọ̀ kú síbẹ̀, a kò tiẹ̀ gbọ́ ìró ìṣubú rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Nọ́ọ̀sì wí pẹ̀lẹ́, "ṣé ẹ mọ̀ pé eré la kàn ń ṣe?"

"Ìfẹ́ pọ̀ láàárín wa gan-an," ni Onígbàjámọ̀ wí. "Ẹ bi Màmá. Búrẹ́dì wọn ni mò ń jẹ."

Tíṣà dìde, ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. "Bí a bá fẹ́ kó dọ́gba, kò yẹ ká lé e sókè. A ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, ká pín in sí mẹ́rin. Mẹ́rìndínlógójì. Mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án." Ojú Onígbàjámọ̀ àti Nọ́ọ̀sì là. Ṣùgbọ́n Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Mẹ́ta lé mẹ́fà," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Níbo ni kí n ti rí mẹ́ta?" Tíṣà náà dúró díẹ̀, ètè rẹ̀ mì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mẹ́jọ ni òun ń san. "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣírò," ló wí.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀. "Gbé ìwé ìwọ̀n mi wá."

Mo sáré lọ gbé e. Wọn kò gbà á lọ́wọ́ mi. "Ojú mi kò ríran tó o. Kà á fún wọn. Má kà á fún ẹni tó jókòó tì ẹ́ o. Kà á fún àgbàlá."

Mo ṣí ìwé náà. Mo wo àgádágodo yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo la ẹnu, mo kà á.

"'Nọ́ọ̀sì. Òkè níwájú, fèrèsé méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yọ ọ̀kan: ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Yọ méjì: bí mo bá bu iyọ̀ pọ̀, ó máa ń jágbe mọ́ mi bí ọmọ mi. Yọ méjì: ó ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ó ku mẹ́wàá.'"

Nọ́ọ̀sì bojú wo ilẹ̀.

"'Tíṣà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yọ mẹ́ta: ó ń kọ́ ọmọ ọmọ mi ní ìṣirò. Yọ mẹ́ta: wọn kì í tètè san owó oṣù rẹ̀, ó sì ń tijú láti sọ. Yọ méjì: yàrá rẹ̀ ń sun omi. Fi ọ̀kan kún un: ó ń jiyàn. Ó ku mẹ́jọ.'"

"Èmi ń jiyàn?" ni Tíṣà wí. "Ìgbà wo?" Gbogbo wọn wò ó. Ó jókòó.

"'Onígbàjámọ̀. Yàrá tó tóbi jù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yọ mẹ́rin: ọmọdé ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Fi ọ̀kan kún un: ó ń hanrun. Ó ku méjìlá.'"

"Bàbá, mo sọ fún yín pé mi ò kí ń hanrun!"

"O ń hanrun!" ni àwọn mẹ́ta tó kù dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn tí ẹnu wọn kò.

Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "'Bó bá fẹ́ ìyàwó, ìyàwó ni yóò máa gbọ́ ọ. Kí n yọ ọ̀kan.'"

Mo dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀ ná. "'Ìyá Oníbúrẹ́dì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yọ márùn-ún: òun nìkan ló ń rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Yọ méjì: ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, olè kì í wá. Yọ méjì: kò ní kí n yọ nǹkan kan rí. Ó ku mẹ́fà.'"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí èyí. Onígbàjámọ̀ rìn lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì níbi tó jókòó sí. "Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀."

"O ti jẹ búrẹ́dì ná," ló dáhùn, ó ń nu ojú. "Kí lo fẹ́ mọ̀?"

Ṣùgbọ́n Dáódù kò tíì gbà. "Ó dára, Bàbá. Àlàyé rere ni. Ṣùgbọ́n àlàyé kọ́ la fi ń tún òrùlé ṣe. Kálukú ló ní wàhálà. Bí a bá ní ká máa yọ fún gbogbo ẹni tí nǹkan ń ṣe, ìgbà wo la máa yọ dé òfo?"

Bàbá Àgbà tún ń ká téèpù mọ́ ìka. Èmi sì nìyí, wọ́n ti ní kí n kàwé, ẹnikẹ́ni kò sì tíì ní kí n dúró. Mo wo ìwé náà, mo rí i pé àwọn ojú ewé tó wà ṣáájú ti Nọ́ọ̀sì ni mo fò. Mo ṣí ọ̀kan padà sẹ́yìn, mo kà á. N kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"'Òkè níwájú, fèrèsé méjì. Àkọ́bí mi àti ìyàwó rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku òfo. Kí n má ṣe rán an létí.'" Mo ka àwọn ilà kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Ogójì ilà ni. Oṣù kọ̀ọ̀kan, ilà kan."

Mo gbé ojú sókè. Gbogbo ojú ti kúrò lára mi, wọ́n ti wà lára Dáódù. Ètè Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ni Dáódù bẹ̀ ẹ́.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta," ni Tíṣà wí. Kò lè pa á mọ́ra.

"Háà!" Onígbàjámọ̀ na ọwọ́ sí ìwé tuntun náà. "Ọ̀gá, ojú ewé àkọ́kọ́ ti rí iṣẹ́ nìyẹn."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbúrẹ́dì di ìdí àtẹ̀gùn mú kó má ṣubú. Dáódù kọ́kọ́ fajú ro, ó wo Bàbá Àgbà, ó wo bàtà rẹ̀. Nígbà tó yá, èjìká tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kí n lè mọ iye tí mo yọ ni. Aránṣọ tó bá gbàgbé ìwọ̀n oníbàárà, aṣọ ẹlòmíràn ni yóò rán fún un." Wọ́n ká téèpù tán. "Ṣé o ṣì fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́?"

Dáódù fi àgádágodo náà sápò. Ó tẹ̀wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí àpò kóòtù rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ lápá kan. "Ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yín," ló wí. "Èló ni wọ́n ní ẹ̀rọ omi yẹn?" Ó san án lójú wa, gbogbo rẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì dá owó kálukú padà, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì pa á rẹ́ bó ṣe ń dá a padà. Bàbá Àgbà ní kí n kọ ìkéde mìíràn: láti òní lọ, owó ẹ̀rọ omi yóò dọ́gba, nítorí kò sí ẹni tí a ń yọ nínú òùngbẹ rẹ̀.

Owó ilé kò yí padà. Ní ọjọ́ Àìkú, Onígbàjámọ̀ gbé àpótí síta, ó gẹ apá ọ̀tún. Apá òsì ti hù díẹ̀, ó tún padà sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ tó ń bọ̀, títí orí Tíṣà fi ń dán bí àwo.

Ohun kan ṣoṣo ló burú. Kò sí ẹni tó ń ṣe oore ní jẹ́jẹ́ mọ́. Bí Nọ́ọ̀sì bá ń gbálẹ̀ nísinsìnyí, abẹ́ fèrèsé Bàbá Àgbà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa wúkọ́. Tíṣà fi gílóòbù rẹ̀ padà, ó wá sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì pé òun ti fi í padà. Onígbàjámọ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá láti sọ pé òun ti ń sùn ní ẹ̀gbẹ́, híhanrun ti dópin, kí Bàbá ṣàánú yọ ọ̀kan. Bàbá Àgbà ní kí n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn ní ọ̀sán, kí n wá jíṣẹ́. Mo lọ. Mo padà wá.

"Ṣé ká yọ ọ́?" ni Bàbá Àgbà bi mí.

"Rárá," ni mo wí, ohùn mi sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí Onígbàjámọ̀ fi jí.

Rìsíìtì Dáódù nìkan ló kù. Bàbá Àgbà ní ẹni tó bá sanwó gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì, ọmọ ẹni kò yàtọ̀. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ìwé mi tó dára jù: "A gba owó ilé ogójì oṣù, yàrá òkè níwájú. Ohun tó san: ẹ̀rọ omi kan. Kò ku nǹkan kan." Mo lẹ àpò ìwé náà. Màmá mi ní Dáódù ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹnikẹ́ni kò lè rí i.